Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi ya V sọ́tọ̀ lára F lórí fóònù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìwé ìpè ayẹyẹ ni mò ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, orí fóònù sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń pe orúkọ fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lóṣù tó kọjá, mo tẹ “Efelyn” sórí igba ìwé dípò “Evelyn”. Owó ara mi ni mo fi tún un tẹ̀, ó sì dùn mí gan-an.

Kò sí V àti Z nínú ábídí wa. Bí àgbàlagbà bá sọ pé “fí”, ó lè jẹ́ F ti Yorùbá, ó sì lè jẹ́ V ti Gẹ̀ẹ́sì. “Jí” lè jẹ́ J tiwa tàbí G tiwọn, “í” náà sì lè jẹ́ I tàbí E. Ta ni kò ní ṣì í gbọ́?

Mo ti lo ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú, Victor fún V, Zulu fún Z, àmọ́ àwọn ìyá wa kò mọ Zulu. Mo wá lo Zainab. Ìyá kan ní, “Ṣé Sẹ̀nábù ni? S nìyẹn!” Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Mo ní kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ wo ni ẹ̀ ń lò fún àwọn lẹ́tà wọ̀nyí tí àgbàlagbà yóò fi mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.