Ìpè abéèrè-àgbà: kì í ṣe ìtọrọ, kì í ṣe ojúlówó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí á máa pe «trump asking bid» inú eré káàdì bridge (ìpè tí a fi ń bi ẹnìkejì tí a jọ ń ta ní ìhà kan bí káàdì aborí rẹ̀ ṣe rí) ní «ìtọrọ ojúlówó aborí». Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, mo gba ẹyọ kan wọlé, aborí. Méjì tó kù ni mo fẹ́ ká jọ fà.

Aborí dára. Inú «triumph», ìyẹn ìṣẹ́gun, ni «trump» ti jáde, ọ̀rọ̀ wa sì bá a mu láti ìpìlẹ̀. Tí ọ̀wọ́ kan (sípéèdì, háàtì, dáyámọ́ǹdì tàbí kílọ́ọ̀bù) bá ti di ọ̀wọ́ aborí, méjì lásán inú rẹ̀ á borí ọba ọ̀wọ́ mìíràn. Ó tún sàn ju kí á kọ ọ́ ní «tróǹpù», tí ẹni tó bá wá a lórí Google yóò kàn máa bá ààrẹ Amẹ́ríkà pàdé.

Ìtọrọ ni kò wọ̀. Ẹni tó ń tọrọ fẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan lé òun lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń ta Whot, tí ẹ já 20 lélẹ̀, tí ẹ ní «star ni mo fẹ́», ẹ ti tọrọ káàdì nìyẹn (àṣẹ ni, ká má parọ́). Ẹni tó ń ta bridge kò gba káàdì lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yọjú wò ó. Ìròyìn ló ń wá. Ìbéèrè ni.

Ẹnìkan ti sọ ṣáájú pé «bid» fúnra rẹ̀ kò yẹ ní ìpè, pé ìfọwọ́sọ̀yà ni, torí ẹni tó bá pe sípéèdì méjì ń fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn yóò jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ìyípo 13. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi títí di Sátidé tó kọjá. Ètò ìpè Precision tí C. C. Wei gbé kalẹ̀ là ń ta. Mo pe kílọ́ọ̀bù kan, tó ń sọ pé ọwọ́ mi kún, ó kéré tán àmì 16 (àmì tí a ń kà fún káàdì ńlá). Ẹnìkejì mi fi sípéèdì kan dáhùn: ó ní sípéèdì márùn-ún ó kéré tán, ọwọ́ òun náà kò sì ṣófo. Mo wá pe sípéèdì méjì. N kò ṣèlérí kankan o, mo ń bi í bí sípéèdì rẹ̀ ṣe rí ni. Ó wo tábìlì, ó wo káàdì, ó ní «páàsì». A ta sípéèdì méjì, a jẹ ní ẹ̀ẹ̀méjìlá. Mo figbe ta, torí ìpè wa kéré jìnnà sí ohun tí a jẹ. Ó ní: «Ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ sọ̀yà ni? Kí ni kí n tún sọ?»

Ẹ jẹ́ kí á fi ìfọwọ́sọ̀yà sílẹ̀ fún èyí tó jẹ́ ìlérí lóòótọ́. Ìpè ló gba ìlérí àti ìbéèrè pọ̀.

Ó ku ojúlówó. Ayédèrú ni ojúlówó ń bá ṣọ̀tá, kò sì sí káàdì ayédèrú nínú 52. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń dáhùn sí gan-an. Lẹ́yìn sípéèdì méjì mi yẹn, àìláborí méjì («no trump», ìpè tí kò yan ọ̀wọ́ aborí kankan) ni ìpè tó kéré jù, ó túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀kankan nínú éèsì, ọba àti ayaba. Kílọ́ọ̀bù mẹ́ta: sípéèdì márùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta wà níbẹ̀. Dáyámọ́ǹdì mẹ́ta: márùn-ún, méjì wà níbẹ̀. Háàtì mẹ́ta àti sípéèdì mẹ́ta wà fún ẹni tó ní mẹ́fà, pẹ̀lú ọ̀kan tàbí méjì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, àìláborí mẹ́ta. Ọba, ayaba, 8, 6 àti 3 ló wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Dáyámọ́ǹdì mẹ́ta ni ì bá pè, à bá sì tẹ̀ síwájú.

Iye àgbà (éèsì, ọba àti ayaba) tó wà nílé ni wọ́n ń béèrè, àti bí ilé ṣe kún tó. Ẹ ṣáà mọ ohun tí à ń sọ nípa àgbà ọjà àti orí ọmọ tuntun. «Ìbéèrè àgbà» ni mo kọ́kọ́ kọ, ìyàwó mi ní ó dún bí ẹni pé àgbàlagbà ló ń béèrè. Mo yí i padà sí ìpè abéèrè-àgbà. Kò dárúkọ gígùn ọ̀wọ́, mo gbà, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá fẹ́ sọ gbogbo nǹkan á di oríkì.

Orúkọ náà tún gba ìpè tí Ely Culbertson, ògbóǹtarìgì bridge, mú wá ní 1936, tí àwọn ará Yúróòpù fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè ní Josephine. Ẹ pe àìláborí márùn-ún. Tí ẹnìkejì yín bá ní méjì nínú àgbà aborí mẹ́ta, kó fò lọ sí méje, kí ẹ jẹ gbogbo rẹ̀. Àjẹtán ni mo máa ń pe ìyẹn.

Éèsì ni kò tíì yé mi. Ọba ni kábíyèsí, ẹnìkan kì í bi í. Éèsì sì ń jẹ ọba láràárọ̀. Orúkọ wo la ó sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.