Báwo ni a ṣe lè máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké Ìmọta àti Agbówà tí ẹgbẹ́ wa kò fi ní tú ká?

Akọ̀wé Ìgbógbó:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí là mí lóye.

Ìdílé 17 ni àwa tí a jọ ń gbé ní àdúgbò kan ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, tí a fẹ́ máa ra oúnjẹ tààrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn kò jìnnà sí wa. Ohun tí ojú wa rí ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021 ló kọ́kọ́ gbé ìrònú yìí wọ inú wa, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Lójú wa ni owó àlùbọ́sà àti tòmátì ṣe fò sókè, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń hu ẹ̀fọ́, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lẹ́yìn ilé wa, láti Ìmọta títí dé Agbówà, tí a kò sì mọ orúkọ àgbẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ wọnú gbogbo ohun tí a ń jẹ.

Ní ọdún tó kọjá a gbìyànjú rẹ̀. A bá obìnrin kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àbàtà lọ́nà Ìmọta sọ̀rọ̀, a ní kó kó tẹ̀tẹ̀ àti ewédú wá fún wa ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí a sì sanwó nígbà tó bá dé. Ọkọ̀ tó gbé e wá bàjẹ́ lọ́nà, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo tú okùn ẹnu àpò àkọ́kọ́, ooru ló kọ́kọ́ lù mí lójú, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò lórí iná. Ewé tó wà lókè ṣì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó ti ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọṣẹ tó rẹ sómi. Àwọn kan nínú wa sanwó, àwọn kan ní àwọn kò lè ra ẹ̀fọ́ jíjẹrà. Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì wa, ó ka ìwọ̀nba owó tí a fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ìpè wa mọ́, ìtìjú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi.

A fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó yẹ kó ru àdánù bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀? Ṣé kí a forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, àbí kí a máa ṣe é bí èsúsú? Àwọn kan nínú wa sì sọ pé kí a yẹra pátápátá fún àwọn alárobọ̀, kí ọjà lè dínwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àgbẹ̀ Agbówà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn jù ní apá Agbówà níbí, mo sì máa ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dùn mí, nítorí èmi náà ti ka irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Nígbà tí ẹ̀fọ́ bá ti hù tán, kò sí àgbẹ̀ tí kì í rí ẹni tí yóò rà á, bó ti wù kó rí. Ìgbà tí owó ń wọ́n wa ni ìgbà tí a fẹ́ ṣán oko, tí a fẹ́ kọ ebè, tí a fẹ́ ra irúgbìn àti ajílẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni alágbàtà máa ń yá wa lówó, lórí àdéhùn pé òun nìkan ni yóò kó ìkórè, iye tó bá sì wù ú ni yóò dá lé e. Mo ti ta odidi oko ẹ̀gẹ́ lóòró bẹ́ẹ̀ rí, kí n lè san owó ilé-ìwé ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n wá hú u, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń wo bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń jáde láti inú ilẹ̀, òmíràn nípọn bí itan èèyàn, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n fún mi kò tó ìdajì iye tó tọ́ sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí owó yín dé kí a tó gbìn. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ kó tó tó gé; àgbàdo tútù a máa gbà tó oṣù 3; ẹ̀gẹ́ a máa gba oṣù 9 sí 12, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ẹ bá fún ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ ó jẹ ẹ́ kí oṣù tó tán, ìyẹn ni mo fi rò pé ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹ̀gẹ́, ẹ má ra á ní tútù. Kò ju ọjọ́ 2 sí 3 lọ lẹ́yìn tí a bá hú u kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 4 sí 5 ló ń di gàrí tọ́ọ̀nù 1. Èèpo àti omi ni ìyókù. Owó ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi gbé èèpo àti omi wá sí Ìgbógbó, ẹ fi san owó iṣẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń yan án níbí, kí owó náà lè dúró sí abúlé.

Ní ti ẹni tí yóò ru àdánù: bí ẹ bá ti sanwó ṣáájú, gbogbo wa ni a jọ ni ín. Ẹni tó bá mi ṣe àárò lónìí, tí mo sì jẹ ẹ́ ní iṣẹ́ ọjọ́ kan, kì í sọ lọ́la pé kí n má wá sí oko òun torí pé àgbàdo tèmi kò gbó.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Sábó:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Alárobọ̀ ni mí, ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń kó ẹ̀fọ́ láti oko wá sí ọjà Sábó ní Ìkòròdú, mo sì fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ pé kí ẹ yẹra fún wa.

Ta ló ní kí wọ́n di ẹ̀fọ́ sínú àpò? Ẹ̀fọ́ tí a bá gé ṣì ń mí, bí ẹ bá sì dì í pinpin sínú àpò, ooru ara rẹ̀ ni yóò sè é. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí: ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ni a máa ń gé e, a ó di í ní ìdì kéékèèké, a ó wọ́n omi sí i, a ó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ìdí rẹ̀ kọjú síta, kí ewé kọjú sínú, a ó sì fi ewé kókò bo orí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, mo mọ awakọ̀ tí mo lè pè láàárín òru. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò dúró nínú òtútù kùtùkùtù láti ka ìdì ẹ̀fọ́ pẹ̀lú àgbẹ̀?

N kò ní purọ́, àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, mo sì mọ ohun tí Àgbẹ̀ Agbówà ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tí tẹ̀tẹ̀ bá pọ̀ bí iyanrìn, ìdílé 17 kò lè jẹ ẹ́ tán, àwa náà ni àgbẹ̀ yóò tún wá. Ẹ mú alárobọ̀ kan mọ́ra bí ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ dá iye kan fún un lórí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, kí ó má bàa jẹ́ pé orí iye tí ó ná lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni èrè rẹ̀ dúró lé.

Ará Àgbádárìgì:

Díẹ̀ ni tèmi. Ẹ wá àgbọn kún ọjà yín. Àgbọn gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ wa lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́, ọkọ̀ tó pẹ́ lọ́nà kò ní pa á lára, ọjà tó ń dúró bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ tuntun fi kọ́ ìṣirò.

Akápò Tẹ́lẹ̀rí, Ìjẹdè:

Akọ̀wé, mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún 6, ẹgbẹ́ náà sì tú ká lójú mi, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kì í ṣe tuntun. Ní Èkó níbí, àwọn olóko kòkó Agége ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1907, ọdún 1935 sì ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Àwọn 28 tí wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1844 ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri ayé ń wò bí àwòkọ́ṣe. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Méjì nínú ìlànà wọn ni mo fẹ́ kí ẹ mú: ohùn kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, iye owó yòówù tó bá fi sílẹ̀, bí èrè bá sì kù, iye ọjà tí oníkálukú rà ni a fi ń pín in. Èyí ni ó fi yàtọ̀ sí èsúsú. Nínú èsúsú, owó tí mo dá ni mo ń kó, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí ohun ìní kan tí a jọ ni. Ẹ̀yin yóò ní òṣùwọ̀n, apẹ̀rẹ̀, bóyá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù lọ́jọ́ iwájú, ó sì yẹ kó ní orúkọ tí òfin mọ̀. Síbẹ̀, ẹ má tíì sáré forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é fún sáà òjò kan, kí ẹ mọ ẹni tó ń sanwó lásìkò àti ẹni tó ń fẹnu lásán ṣe é.

Ohun tó pa ẹgbẹ́ tiwa kò ju pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ sí ìwé owó, gbogbo wa sì bọ̀wọ̀ fún un débi pé a kò lè béèrè ìwé ìṣirò. Èmi ni akápò, mo mọ̀ pé owó kò pé, mo sì dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀, kí ẹ sì máa ka ìwé ìṣirò sókè létí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Mo tẹnu mọ́ ti àgbẹ̀ yẹn, nítorí mo rí i pé ìdílé 17 nìkan ni ẹ kà bí ọmọ ẹgbẹ́. Bí àgbẹ̀ kò bá ní ohùn níbẹ̀, ẹgbẹ́ oníbàárà ni ẹ dá, bí ẹ bá sì ti rí ọjà tó dínwó níbòmíràn, ẹ ó sá lọ.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kílò pẹ̀lú. Mo ti rí kọ́ńgò tí wọ́n fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọnú títí ó fi rí bí àwo, ẹni tó ń wò ó láti òkè kò sì lè mọ̀. Kílò yóò gba ẹ̀yin àti àgbẹ̀ lọ́wọ́ irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn kan á ní kí a dúró de ìjọba. Inú mi dùn sí ilé-iṣẹ́ ìlọ ìrẹsì ńlá tí ìjọba ṣí ní Ìmọta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè lọ tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò mọ obìnrin tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sórí ilẹ̀ pọ́ọ́kú. Àwa ni a lè mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé Ìgbógbó:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. A pàdé ní alẹ́ àná, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ pé kí a sanwó kí wọ́n tó gbìn, kí a sì jọ ru àdánù, ìdílé 6 ní àwọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdílé 11 ló kù, mo sì gbà pé 11 tó mọ ohun tó ń ṣe sàn fún wa.

A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀ àti ewédú fún oṣù mẹ́ta, a ó sì máa ra gàrí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Baba Àgbẹ̀ Agbówà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ti gàrí náà. Ìyá wa ní Sábó, ẹ ṣeun tí ẹ gbà láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Iye tí a dá fún ìrìn-àjò kan ni mo fi ránṣẹ́ sí yín, bí kò bá tó, ẹ sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ dúró títí òjò yóò fi dá.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Ìyá ni a ó jọ lọ sí Ìmọta. A ti dá ìyókù owó ẹ̀fọ́ ọdún tó kọjá pé, ó wà nínú àpòòwé lọ́wọ́ mi. Èyí ni a ó kọ́kọ́ fi lé obìnrin náà lọ́wọ́, kí a tó dá ọ̀rọ̀ irúgbìn sílẹ̀.