Ta ló ti kọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan ní ìwé kíkà? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Tíṣà Ẹ̀kọ́ Àkànṣe: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ni mò ń kọ́. Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀kọ́ àkànṣe láti 1977. Ti ilé yín ni mo fẹ́ gbọ́: ọmọ, àbúrò, òbí, ẹnikẹ́ni tí ìwé kíkà nira fún nítorí àìlera ara tàbí ti ọpọlọ. Kí lẹ ṣe tó ràn án lọ́wọ́?

Ìyá Bọ̀dé: Ọmọ mi ti wà ní praimárì kẹrin, b àti d ṣì ń dà rú mọ́ ọn lójú. "Bàbá dé" á di "dàdá bé". Tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ pa àlọ́ ìjàpá fún un lẹ́ẹ̀kan, á pa á padà fún yín tòun ti orin rẹ̀.

Ọmọ Ṣàǹgó-Ọ̀tà: Ẹ lọ wo ojú ẹ̀.

Ìyá Bọ̀dé: A ti wò ó. Ojú ríran ketekete.

Àbúrò Àǹtí: Tèmi kì í ṣe ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, òun ló máa ń ka Bíbélì sí wa létí nílé. Schizophrenia mú un, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ohùn tó ń gbọ́ lọ, oorun padà. Ìwé nìkan ni ò padà. Á ṣí Sáàmù, á ka ìlà kìíní, á tún padà sí i, á tún padà. Àwọn kan ní oògùn ló bà á jẹ́, àwọn kan ní ká gbé e lọ sórí òkè. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé, "Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn o, ó kàn ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ọṣẹ ni."

Bàbá Àlàó: Oògùn ni o! Àbúrò ìyàwó mi, tó bá ti lò ó tán, kò ní lè gbójú sókè.

Tíṣà Ẹ̀kọ́ Àkànṣe: Bàbá, oògùn máa ń kun ẹlòmíì lóorun lóòótọ́, àmọ́ òun nìkan kọ́. Àyẹ̀wò àfiyèsí kan wà láti 1956: lẹ́tà á máa yọ níkọ̀ọ̀kan, wéré wéré, ìgbà tí X bá tẹ̀lé A nìkan ni kéèyàn tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ tó ní schizophrenia ló ń jẹ́ kí X yẹn kọjá lọ, kódà nígbà tí ohùn ti dákẹ́. Wọ́n sì ti rí irú rẹ̀, tó fúyẹ́, lára àwọn ọmọ ìyá wọn tí kò ṣàìsàn náà rí, tí oògùn rẹ̀ ò kan ẹnu wọn. Àìsàn yẹn fúnra rẹ̀ ló ń gba àfiyèsí lọ́wọ́ èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta: Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró o! Tí oorun bá pọ̀ jù, ẹ sọ fún dókítà. Kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ní Aró, l'Abẹ́òkúta níbí, ní 1954, àárín abúlé làwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn.

Àbúrò Àǹtí: Ẹ ṣé gan-an, ẹkún ń gbọ̀n mí. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ rèé: mo gé páálí bàtà, mo lu ihò gbọọrọ sí i láàárín, ìlà kan ṣoṣo ló ń yọ. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Èmi á ka ẹsẹ kan, òun á ka ẹsẹ kan, á sì sọ ohun tó kà fún mi ká tó lọ síwájú. Ọ̀sán la ń ṣe é, torí láàárọ̀ oorun oògùn alẹ́ ṣì máa ń wà lójú rẹ̀.

Ìka Ńkàwé: Èmi ò ríran, Braille ni mò ń kà, ìwé tó ní àmì róbótó tí à ń fi ìka kà. Àwọn èèyàn rò pé ojú nìkan ni ìṣòro wa. Kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò mi, kí ẹ wo bí ìka mi ṣe ń sọ ibi tó dé nù.

Ọmọ Ṣàǹgó-Ọ̀tà: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ ta gíláàsì aláwọ̀ fún mi, pé á wo dyslexia (ìṣòro ìwé kíkà) ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sàn.

Tíṣà Ẹ̀kọ́ Àkànṣe: Ẹ má rà á. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà àti àwọn dókítà ojú ti jọ sọ ní 2009 pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Síso ìró pọ̀ mọ́ lẹ́tà ló sábà máa ń nira. Ìyá Bọ̀dé, b nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Kó fi ìka kọ ọ́ sórí yanrìn, kó máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́: bá, bí, bọ́. Tó bá wọlé dáadáa, kẹ́ ẹ tó mú d wá.

Ìyá Bọ̀dé: Ní Yorùbá àbí ní òyìnbó? Òyìnbó nìkan ni wọ́n ń sọ nílé-ìwé wọn.

Akọ́mọlédè Ifẹ̀: Yorùbá! Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ fífi Yorùbá kọ́ ọmọ níwèé ní Ifẹ̀ ní 1970, ọdún mẹ́fà praimárì ní Yorùbá, àwọn ọmọ yẹn ò sì rẹ̀yìn nínú òyìnbó.

Ọmọ Ṣàǹgó-Ọ̀tà: Wọn ò tìtorí ọmọ tó ní ìpèníjà ṣe ìyẹn. Àmì ohùn ńkọ́? Àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, fún ọmọ tí b àti d ti ń dà láàmú?

Akọ́mọlédè Ifẹ̀: Tẹ́ ẹ bá yọ àmì, ó di pé kó máa méfò bóyá ọkọ̀ ni àbí ọkọ.

Ìyá Ìjọ: Àbúrò Àǹtí, ẹ bá a ka Sáàmù 117, ẹsẹ méjì péré ni.

Àbúrò Àǹtí: A ti kà á tán, ìyá. Ó ti ní òun fẹ́ 118!

Bàbá Àlàó: Ihò páálí yẹn, báwo ló ṣe máa tóbi tó?

Àbúrò Àǹtí: Ẹ fi rúlà wọn ìlà ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ lò, bàbá. Lẹ́tà Bíbélì ilé wa tóbi, páálí rẹ̀ ò bá ìwé mìíràn mu.