Gọ́ọ̀fù ni ọmọ mi lóun fẹ́ fi jẹun: ṣé ká fún un lówó ọdún kan?

Ìyá Tóbi, North Carolina

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ, mo ní kí n gbé e wá síbí torí àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù wà láàárín wa.

Àkọ́bí wa ti pé ọmọ ọdún 22. Ó ń gbá gọ́ọ̀fù fún yunifásítì rẹ̀, Division I, ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì, iṣẹ́ akáńtì ló ń kọ́, sáà kan péré ló sì kù kó jáde. Iléeṣẹ́ kan ti fún un níṣẹ́, oṣù kẹjọ ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀. Àfi bó ṣe jókòó tì wá lọ́jọ́ Àìkú tó ní òun ò ṣe é mọ́. Ó ní òun fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ dé PGA Tour, ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ti ṣírò owó ẹ̀: $45,000 fún ọdún kan. Ká san ìdajì, òun á wá ìyókù.

Bàbá rẹ̀ ní òun ò wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Carolina dé Texas kí ọmọ òun lè máa lé bọ́ọ̀lù kiri inú koríko. Èmi ní tèmi, mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni n óò dí i lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń gòkè níbẹ̀? Ṣé owó yẹn kò pọ̀ jù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

$45,000! Bàbá Tóbi, ẹ̀yìn yín ni mo wà o 😀 Kó gba iṣẹ́, kó máa gbá a ní Sátidé bíi ti gbogbo èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta

Ìyá Tóbi, ẹ kú àníyàn ọmọ. Mo ti ṣe kádì, ìyẹn ni pé mo ti gbé àpò igi gọ́ọ̀fù fún àwọn ọmọ tó ń gbá mini-tour, àwọn ìdíje kéékèèké, ní Florida àti Georgia, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Èyí tó wà lábẹ́ PGA Tour gan-an ni Korn Ferry Tour. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ben Hogan Tour ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Bí onígbọ̀wọ́ bá ṣe ń yí ni orúkọ ń yí. Ní ìparí ọdún, 20 àkọ́kọ́ ló ń gba káàdì PGA Tour, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa gbá níbẹ̀, báyìí. 30 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gé e kù. Lábẹ́ rẹ̀ ni PGA Tour Americas wà, tí wọ́n fi ti Kánádà àti ti Látìn Amẹ́ríkà pọ̀ ṣe ní 2024, 10 àkọ́kọ́ níbẹ̀ ló sì ń bọ́ sí Korn Ferry. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mini-tour. Owó ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ náà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀bùn níbẹ̀. Èsúsú tí kì í kárí ni: gbogbo wọn á dá a, àwọn díẹ̀ tó gbá dáadáa jù á kó o lọ.

Q-School tún wà, ìdíje tí wọ́n fi ń wá káàdì, ìpele mẹ́rin. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́ títí dé ti Florida ní oṣù kejìlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ti lọ, márùn-ún péré ló sì ń gba káàdì PGA Tour níbẹ̀ láti 2025. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń rí àyè lórí Korn Ferry.

Owó yẹn kò pọ̀ jù o. Nínú ìdíje ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tí wọ́n bá já sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kejì kì í gba kọ́bọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì àti epo ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ tí ń dúró dè é. Bóyá Tóbi tilẹ̀ ti dín in kù kí àyà yín má bàa já.

Ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: ní ìpíndọ́gba, ìgbà mélòó ló ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó parí ihò 18 lọ́dún yìí? Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Kó má sọ ti ọjọ́ tó gbá dáadáa jù fún yín.

Ìyá Tóbi

Mo bi í. 72.4. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti gbá 65 rí.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta

Mo mọ̀ pé á sọ bẹ́ẹ̀ 😂

Ẹ gbọ́. Àtẹ kan wà tó ń jẹ́ PGA Tour University, fún àwọn tó ń jáde ní yunifásítì. Ẹni tó bá ṣe kìíní gba káàdì PGA Tour tààrà. Ipò 2 sí 10 ń lọ sí Korn Ferry, 11 sí 25 sí Americas. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń gbá nǹkan bí 70 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ife lórí Korn Ferry sábà máa ń fi nǹkan bí 20 dín sí páà, iye ìgbà tí wọ́n retí kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù. Lórí pápá tí páà rẹ̀ jẹ́ 72, ìyẹn ni 67 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Iṣẹ́ tó wà níwájú ọmọ yín nìyẹn.

Àǹtí Maryland

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mẹ́nu ba APGA Tour. Láti 2010 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú lè rí ibi gbá. Wọ́n ń gbá ní Torrey Pines, pápá PGA Tour gan-an. Marcus Byrd tibẹ̀ dé Genesis Invitational, ìdíje PGA Tour kan, ní 2023, ó gba àyè tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ ní orúkọ Charlie Sifford, àgbà ọ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú nínú gọ́ọ̀fù. Ìyá Tóbi, Charlotte tiyín níbẹ̀ ni wọ́n bí Sifford. Kádì ni láti kékeré. Títí di 1961 ni ìwé òfin PGA fi ń sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọlé, ọkùnrin yìí ṣì gba ife PGA Tour ti Hartford ní 1967 àti ti Los Angeles ní 1969.

Ẹ tún wo Tim O'Neal, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn. Ní 2000, ihò tó kẹ́yìn ní Q-School ló ti gbá mẹ́ta ju páà lọ, ìgbá kan péré ló fi pàdánù káàdì. Ní 2004, ìgbá kan náà tún ni. Kò dúró, APGA wà lára ibi tó ti ń gbá. Ní 2024, lẹ́ni ọdún 52, ó gba ife lórí PGA Tour Champions, ti àwọn àgbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Àǹtí, ìtàn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Láti 2000 dé 2024! Ta ló ń san rẹ́ǹtì ní gbogbo àkókò yẹn?

Àǹtí Maryland

Ìbéèrè gidi. Mi ò ní já yín ní koro.

Bàbá Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ń wá ibi tí ọmọ á ti kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa níbí làwọn ọmọ òyìnbó ń wá kọ́ ọ nígbà kan. Sandy Lyle, òyìnbó Scotland, wá gba Nigerian Open ní 1978, kó tó gba The Open ní 1985 àti Masters ní 1988, méjì nínú àwọn ìdíje gọ́ọ̀fù tó tóbi jù láyé. Iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò lórí ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, "brown" la ń pè é. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ìyá Ìbejì, Dallas

Ìdajì tó lóun á wá yẹn ni kí ẹ mójú tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́ kan: wọ́n ń mú lára gbogbo owó tó bá jẹ lórí pápá, ìwé náà ò sì sọ ọjọ́ tó máa parí. Kí lọ́yà ka ìwé kí Tóbi tó fọwọ́ sí i. Kó má sì gba owó kankan gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kí sáà yunifásítì tó parí.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta

Òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ lè wọ Q-School láì tíì di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ ọmọ mi nìyí: ẹ san ti Q-School ọdún yìí nìkan, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ìdíje APGA. Bó bá já ní ìpele àkọ́kọ́, kó lọ ṣe akáńtì rẹ̀ láì bínú. Bó bá dé ìpele kejì, ẹ tún jókòó.

Ìyá Tóbi

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. A ti jókòó. Tóbi kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yẹn, wọ́n gbà kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Q-School nìkan la máa san, kò sí onígbọ̀wọ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n, èló ni kádì ń gbà lọ́sẹ̀? Bàbá rẹ̀ ní òun lè gbé àpò náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta

Ẹ bá mi bẹ bàbá, kí wọ́n má gbé e o. Kí wọ́n tó dé ihò 14, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní owó $45,000 😂 Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.