Rory tí wọ́n ń pè ní ọ̀dẹ̀: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá wo Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC nípa ará ayé mìíràn tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tó ń fò láti ìgbà kan sí òmíràn, nígbà tí Matt Smith ń ṣe Dókítà, mo mọ̀ pé á ní nǹkan sọ nípa Rory Williams. Tèmi rèé.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 2010, bí àbúrò mi bá ti tan BBC One nírọ̀lẹ́ Sátidé, màá jókòó tì í kí n tó múra ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń fi Rory ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ wo ọ̀dẹ̀ yìí. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé ọkùnrin oníràwọ̀, òun náà ń wọ́ tẹ̀ lé wọn.” Mi ò bá a rẹ́rìn-ín, torí nọ́ọ̀sì ni Rory náà, nọ́ọ̀sì sì mọ nọ́ọ̀sì. Oòrùn ń ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ń fi fóònù wọn ká ojú ọ̀run sílẹ̀, Rory wá ń ya fọ́tò ọkùnrin kan àti ajá. Kí ló dé? Ọkùnrin yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù ẹ̀, kò mọ ibi tó wà, ó tún wá ń rìn kiri níta!

Ìrìn àjò ò wù ú rárá. Ìgbéyàwó ló ń múra ẹ̀ tí Dókítà fi wá gbé òun àti Amy, àfẹ́sọ́nà ẹ̀, lọ sí Venice, ọdún 1580. Ibẹ̀ ló ti là á mọ́ Dókítà lójú pé ó ń jẹ́ káwọn èèyàn fi ẹ̀mí ara wọn wéwu torí kó lè kan sáárá sí wọn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí náà ló wá bọ́ síwájú ìbọn tí wọ́n yìn sí Dókítà. Ó kú, Amy ò sì rántí mọ́ pé òun mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tó máa padà, ike ni gbogbo ara ẹ̀, nínú aṣọ ológun Róòmù. Wọ́n ti Amy mọ́ inú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní Pandorica, lọ́dún 102, kó má bàa kú. Dókítà ní kó jẹ́ káwọn jọ fò lọ sí ọjọ́ iwájú. Ó kọ̀. Ọdún 1,894 ló fi ṣọ́ àpótí yẹn.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí. Kí wọ́n tó pínyà, Dókítà kìlọ̀ fún un pé kó jìnnà sí ooru, torí ohun tó bá ti bàjẹ́ lára ẹ̀ ò ní jinná mọ́. Ó wá di 1941, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ń já lu Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí àpótí wà gbiná. Wọ́n ní àwọn rí ológun Róòmù kan tó ń wọ́ ọ jáde nínú iná. Ike, nínú iná! Ẹnu àbúrò mi wọhò. Nígbà tí Rory yọ nínú aṣọ sìkọ́ríìtì ní 1996, àbúrò mi pariwo débi tí ará ilé kejì fi ń lu ògiri.

*

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn lèmi ti wò ó, lórí laptop ọ̀rẹ́ mi, iná NEPA sì lọ nígbà tó dùn jù. Ẹ̀ṣẹ́ tí Rory fún Dókítà ni tèmi. Dókítà sọ fún un pé ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ò jù gbogbo ayé lọ, ló bá da ẹ̀ṣẹ́ bò ó. Dókítà dìde, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn: ó ń wò ó bóyá èèyàn ṣì kù nínú ike yẹn ni.

Nígbà tó wá di 2011, Amy ń sọ fọ́mọ jòjòló pé ẹnì kan ń bọ̀ tó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láyé. Dókítà ni gbogbo wa rò. Àṣé Rory, bàbá ọmọ, ni!

Ẹni tó bá lè sọ ti orí òrùlé New York kó máa bọ̀, èmi ò lè sọ ọ́ láìsunkún.