Ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná họ́ọ̀lù: ẹ̀yin tó wà ní abúlé Skọ́tílándì, ẹ wá sọ ti yín

Ìyá Ìbejì (Angus)
Ẹ kú ilé o, ẹ kú otútù. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé dé àwọn abúlé ilẹ̀ yìí ni mò ń bi, kì í ṣe ẹ̀yin ará Glasgow tí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́lùbọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ta ló ti wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń pàdé ní họ́ọ̀lù abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní Rural? Báwo ni wọ́n ṣe gbà yín?

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi lọ tí mo ń jókòó bí àlejò. Bí ìpàdé bá parí, wọ́n á gbé tíì wá, wọ́n á gbé kéèkì wá, màá jẹ, màá dúpẹ́, màá lọ sílé. Bí mo bá dìde pé kí n bá wọn kó ife, wọ́n á ní "jókòó, jókòó". Ó ń dùn mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílé tiwa, ẹni tí wọ́n bá ń sọ fún pé kó jókòó, àlejò ni. Ọmọ ilé kì í ríbi jókòó lọ́jọ́ ìnáwó.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, yìnyín bo ọ̀nà, àwa mọ́kànlá péré la wá. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló ń fọ ife. Ó yọrí láti ojú fèrèsé kékeré tí wọ́n máa ń gba ibẹ̀ gbé tíì jáde, ó ju aṣọ ìnu-àwo lù mí láyà, ó ní, "Ìwọ, wá nu èyí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ náà ti rin gbingbin, àwòrán màlúù onírun gígùn wà lára rẹ̀. Ife mọ́kànlá, àwo ìdí ife mọ́kànlá, mo nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Mo délé, mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé wọ́n ti gbà mí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Omi bọ́ lójú mi níbi aṣọ tó rin gbingbin yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Perthshire
Ẹ̀yin ń sọ ti àwo. Ṣé ẹ ti gbé kéèkì lọ síbi ìdíje wọn rí?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó, alájà mẹ́ta, alájà márùn-ún. Wọ́n ní ìdíje oṣù náà, Victoria sponge ni. Mo ní ó ti parí. Mo ṣe é, ó wú, ó rọ̀ bí òwú. Wọ́n fi káàdì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ó dùn púpọ̀. Àmì wáyà wà lórí rẹ̀. Ṣúgà orí rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó yẹ." Ipò kẹfà nínú méje!

Àṣé òfin wà. Jáàmù raspberry nìkan ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, kò gbọdọ̀ sí ìpara mílíìkì. Ṣúgà oníwóró kéékèèké la máa ń wọ́n sórí, kì í ṣe èyí tó kúnná bí àtíkè. Bí wáyà tí a gbé e lé kó lè tutù bá sì fi ilà sí i lórí, adájọ́ á rí i, á sì gé máàkì.

Àkẹ́ Èkìtì
Ojúsàájú ni. Wọ́n rí i pé ti aláwọ̀ dúdú ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Àkẹ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ló máa ń wà lára oúnjẹ, kì í ṣe orúkọ. Láti ìlú mìíràn ni adájọ́ sì ti ń wá. Wọ́n ti gé máàkì ìyá tó ti ń díje láti bí ogójì ọdún lójú mi, torí pé ọ̀kan nínú scone rẹ̀, kéèkì kékeré wọn yẹn, ga ju mẹ́ta tó kù lọ.

Àkẹ́ Èkìtì
Ó dáa. Mo ṣì ń wò wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Perthshire
Àkẹ́, inú bí èmi náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó gba ipò kìíní ló tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀ mi nínú òjò. Ó ní, "Tẹ́ aṣọ sórí wáyà kó o tó da kéèkì lé e, kò ní ní àmì." Aṣírí tó fi ń gba ipò kìíní ló tú fún mi yẹn, òun tí a óò tún jọ díje lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀ láàárín àwa oníkéèkì?

Bàbá Káyọ̀dé
Ọ̀rọ̀ òfin yìí wú mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹgbẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ rò pé ẹgbẹ́ kéèkì lásán ni. Obìnrin kan ní Kánádà, Adelaide Hoodless, ni ọmọ rẹ̀ jòjòló kú, wọ́n sì ka ikú náà sí mílíìkì tó ní àìmọ́. Ó wá ń pariwo pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn obìnrin oko ní ìtọ́jú ilé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọkùnrin ní ìtọ́jú ẹran. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ti jáde, ní Stoney Creek, ọdún 1897. Ti Skọ́tílándì dé lọ́dún 1917, ní Longniddry, lágbègbè East Lothian. Catherine Blair ló dá a sílẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ ni. Obìnrin yẹn wà lára àwọn tó ń jà kí obìnrin lè dìbò. Àwọn tí ìjọba tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n torí pé oúnjẹ tí wọ́n kọ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn ti fẹ́ pa wọ́n, inú oko rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba agbára padà. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, obìnrin lè wà lóko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1918, ni àwọn obìnrin tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí ilé tàbí ilẹ̀ wà níkàáwọ́ àwọn tàbí ọkọ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ láǹfààní láti dìbò yan aṣòfin.

Scottish Women's Institutes ni wọ́n ń kọ sára pátákó báyìí, àmọ́ Rural náà ni àwọn ìyá ń pè é.

Àkẹ́ Èkìtì
Bàbá Káyọ̀dé, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló wá gbé yín débẹ̀ láàárín obìnrin?

Bàbá Káyọ̀dé
Akápò ìgbìmọ̀ họ́ọ̀lù ni mí. Orúkọ àwọn ọmọ abúlé wa tó kú sógun ọdún 1914 sí 1918 wà lára ògiri ibẹ̀, nítorí wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù abúlé ni wọ́n kọ́ báyẹn. Nínú tiwa, orúkọ bàbá kan náà tò léra wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbàkigbà tí mo bá ń ka owó tíkẹ́ẹ̀tì, ojú mi máa ń lọ síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Angus)
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mi ò mọ ti ọmọ jòjòló yẹn. Màá sọ fún wọn lọ́jọ́ Tọ́sìdeè pé mo ti gbọ́.

Àdùnní Borders
Ẹ má bínú o. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ń bi mí bóyá òtútù ń mú mi, wọ́n ń sọ ti ojú ọjọ́. Kò tíì sí ẹnì kan tó ní kí n wá sílé òun. Nínú họ́ọ̀lù, ọ̀rẹ́ ni wá. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá. Kí ẹ má wá ṣe é bíi pé ọ̀run ni.

Dẹ́bọ̀ Fife
Òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ (ìhà Aberdeen)
Àdùnní, mi ò ní bá ẹ jiyàn, ohun tójú ẹ rí lò ń sọ. Níbi tí mo wà, ìkíni wọn ni mo fi mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ní "Foos yer doos?" Ẹyẹlé rẹ ńkọ́? Ìwọ á dáhùn pé "Aye peckin", wọ́n ń ṣá oúnjẹ jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi ni mo sọ tiwa fún wọn, pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ kó bá onílé mu kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìpọ́njú. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Ẹnì kan kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìjì Arwen wá jà, ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ẹ̀yin tó wà níbí nígbà yẹn mọ̀ ọ́n. Igi wó lé wáyà káàkiri, ọjọ́ mẹ́fà la ò fi níná. Ọmọ mi ṣì wà lẹ́yìn mi, oṣù márùn-ún. Ìyá tí kọ́kọ́rọ́ họ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn nínú ẹ̀fúùfù láti ojúlé dé ojúlé. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, kò wọlé, ó ní, "Kó ọmọ náà, máa bọ̀." Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n ń sè láàárọ̀ lálẹ́. Orí ìtàgé tí wọ́n ti ń ṣeré ọdún ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwa ọlọ́mọ, wọ́n sì fa aṣọ ìtàgé bò wá kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Ìyá yẹn ò pè mí wá sílé rẹ̀ rí títí dòní o, Àdùnní. Kò pè mí rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó máa dúró sí.

Àdùnní Borders
Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n èmi ń fẹ́ kí wọ́n pè mí nígbà tí ìjì ò jà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Àdùnní, ìwọ ńkọ́, ṣé o ti pè wọ́n?

Àdùnní Borders
…Rárá. Yàrá kan là ń gbé, àwa mẹ́rin.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Má bínú, àbúrò mi. Mi ò mọ̀.

Àkẹ́ Èkìtì
Ìbéèrè tèmi: kí lẹ ń pe àwọn ìyá yìí? Mi ò lè pe ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lórúkọ. Mo pe ọ̀kan ní Màmá, ó ní òun ò bímọ.

Dẹ́bọ̀ Fife
Ẹ pè é lórúkọ. Bí wọ́n bá ní kó o pe àwọn lórúkọ, ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún ẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Perthshire
Ọ̀wọ̀ kẹ̀? Dẹ́bọ̀, ọ̀dọ̀ ta lo ti gba ẹ̀kọ́ yìí? Ahọ́n mi ò gbà á.

Ìyá Ìbejì (Angus)
Èmi ń pè wọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n orúnkún mi máa ń tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n bi mí ohun tó túmọ̀ sí, mo ṣàlàyé. Ní báyìí, bí mo bá wọlé, ìyá aláṣọ ìnu-àwo yẹn á tẹ orúnkún tirẹ̀ fún mi. Èyí tó ń dùn ún gan-an ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má ṣe é mọ́.

Olùtọ́jú Argyll
Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ìyá mi kú ní Ìbàdàn ní oṣù kẹsàn-án. Ibi iṣẹ́ ò fún mi láyè, owó ọkọ̀ òfúrufú náà ò sí. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá tó bí mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ló rí ojú mi tó wú, ó pe ẹnì kan nínú Rural.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n wá sí họ́ọ̀lù ní aago méjì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n bá wọn to àga ni. Mo débẹ̀, mo bá ìyá kan nídìí tábìlì gígùn, ó ń lọ aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ lé e, orí tábìlì níbẹ̀ gan-an ló ti ń lọ̀ ọ́, kò fi etí aṣọ kankan sílẹ̀. Búrẹ́dì ẹlẹ́yin gígé sí onígun mẹ́ta, sósééjì inú ìyẹ̀fun, tíì. Purvey ni wọ́n ń pè é, àsè tí wọ́n máa ń jẹ bí wọ́n bá ti sìnkú tán. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé mi ò rí ti ìyá mi jẹ. Wọ́n ní kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, tí mo bá gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì màá bọ́ sí Yorùbá, kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ kú àfẹ́kù màmá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire.

Ọmọ Ọ̀yọ́ (ìhà Aberdeen)
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn wọn á dára.

Bàbá Káyọ̀dé
Ẹ kú ara fẹ́ ra kù, ọmọ mi. Kí lorúkọ oríkì màmá?

Olùtọ́jú Argyll
Àsàkẹ́, bàbá.

Bàbá Káyọ̀dé
Àsàkẹ́ ò ní sùn nílẹ̀ òkùnkùn.

Àkẹ́ Èkìtì
Mi ò ní wò wọ́n mọ́.

Dẹ́bọ̀ Fife
Àdùnní, níbo gan-an lẹ wà ní Borders? Ìyàwó mi ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní àdúgbò yẹn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀.

Àdùnní Borders
Mo ti fi ránṣẹ́. Kó wá bá mi lọ ìpàdé, ó kéré tán a ó di méjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Perthshire
Ẹ gbà mí o, ìdíje tó ń bọ̀, clootie dumpling ni, kéèkì sísè wọn yẹn. Wọ́n ní inú aṣọ ni wọ́n ti ń sè é. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Ìyá Ìbejì (Angus)
Bí o bá mọ mọ́ínmọ́ín dì, o ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Fi omi híhó rẹ aṣọ náà, fún un, kó o wọ́n ìyẹ̀fun sínú rẹ̀, ìyẹ̀fun yẹn ló máa di awọ rẹ̀. Má dì í mọ́ra jù, ó máa wú. Fi àwo pẹlẹbẹ sí ìdí ìkòkò kó má bàa jóná, bí a ṣe ń tẹ́ ewé sí ìdí ìkòkò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Perthshire
Wákàtí mélòó?

Ìyá Ìbejì (Angus)
Mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí omi bá ń fà, bu omi gbígbóná kún un, má lo tútù. Tó o bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, tú aṣọ kúrò lára rẹ̀, gbé e síwájú iná kí awọ rẹ̀ gbẹ.