Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi ń sunkún nítorí ìwé ìtàn ẹni ńlá

Màmá Ayọ̀ (Àkúrẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi wà ní pírámárì 5. Tíṣà wọn ní kí oníkálùkù mú gbajúmọ̀ kan tó ní í ṣe pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Oǹdó, kó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí ojú ìwé méjì, kó múra bíi tirẹ̀, kó sì dúró níwájú kíláàsì kó máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni. Ayọ̀ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Philip Emeagwali lòun fẹ́, nítorí pé Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí, Àkúrẹ́ náà ni wọ́n bí òun sí. Mo ra ìwé pẹlẹbẹ kan fún un lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé lẹ́bàá Ọjà Ọba, èyí tó ní àwòrán ogún ẹni ńlá lẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ìwé náà wọ balùwẹ̀.

Àbúrò mi wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ayọ̀ kà á fún un pé Emeagwali ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ni. Ọmọ ní kì í ṣe irọ́, inú ìwé ló wà. Àbúrò mi ní inú ìwé náà ni irọ́ wà. Ẹ wá wo ẹkún! Látìgbà yẹn ló ti da ojú ìwé náà dé sórí fìríìjì. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Emeagwali mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ mú ẹlòmíì.

Ṣé kí n fi dandan lé e pé kó ka ohun tó wà nínú ìwé, kó gba máàkì rẹ̀, ká sinmi? Àbí kó mú ẹlòmíì? Àti pé irú ìwé wo lẹ̀yin ń rà fún àwọn ọmọ yín? Gbogbo èyí tí mo rí, ọ̀kan náà ni wọ́n: wọ́n bí i lọ́dún báyìí, ó lọ sí iléèwé báyìí, ó gba oyè báyìí, ó kú. Èmi àgbà gan-an ń sùn lé e lórí.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bà-Ilé

Ẹ jẹ́ kó kà á bẹ́ẹ̀ jàre. Ọmọ ọdún mélòó? Ta ló fẹ́ gbé e lọ kóòtù? Ọmọdé nílò ẹni tó máa wò sókè sí. Tí ẹ bá ti ń fọ́ gbogbo nǹkan sí wẹ́wẹ́ fún wọn láti kékeré, ta ló máa kù tí wọ́n máa fara wé? Àwọn olórin tó ń da owó sílẹ̀ ni?

Tíṣà Àgbà (Oǹdó)

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ síbẹ̀ yẹn. Mo fi ọgbọ̀n ọdún di ṣọ́ọ̀kì mú kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí irọ́ kan nínú ìwé, títí yóò fi dàgbà ni yóò máa fura sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Màmá Ayọ̀, Emeagwali kọ́ ni wàhálà yín, ẹni tó kọ ìwé yẹn ni. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe tó ìtàn láìsí àbùmọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1954 ni wọ́n bí i ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ọmọ Ìgbò ni, Oníṣà ni ilé bàbá rẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ́ ní 1967, ó sì lé e kúrò níléèwé. Ìwé kíkà ló gbé e dé Amẹ́ríkà nígbẹ̀yìn. Ní 1989, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Gordon Bell, ẹ̀bùn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ńláńlá ṣe ìṣirò. Kọ̀ǹpútà tó lò ní ọpọlọ kéékèèké 65,536 nínú, ó sì pín ìṣirò bí epo rọ̀bì ṣe ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ò ní láti kọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó là á yé ọmọ. Ẹ fi ọ̀wẹ̀ ṣàlàyé. Bàbá tó bá ń dá ro oko kòkó ńlá, kó tó dé ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ ti hu padà. Bó bá bẹ ọ̀wẹ̀, oòrùn ò ní tíì mú tí oko á ti mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ lọ́gbọ́n: ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ ó ṣe pín poro, kí ẹnì kan má dúró gbáà máa wo ẹnì kejì. Ọgbọ́n pípín poro yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ fún un lẹ́bùn. Ọmọ tó bá ti dé oko rí á gbọ́ ọ.

Àbúrò Tó Dá Wàhálà Sílẹ̀

Èmi ni àbúrò yẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹjọ́ mi sun gbogbo ayé, ẹ kú ìgbẹ́jọ́.

Ó yẹ kí n rọra sọ ọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí ARPANET, tó jẹ́ bàbá íntánẹ́ẹ̀tì, láti Los Angeles sí ìlú mìíràn ní California. LOGIN ni wọ́n fẹ́ kọ. L lọ, O lọ, ẹ̀rọ bá dákú. LO nìkan ló dé ọ̀hún. Àwọn bíi Vint Cerf àti Bob Kahn tún wá ṣe ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ èdè ara wọn. Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àbá wẹ́ẹ̀bù, ìyẹn àwọn ojú ìwé tí à ń ṣí wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kalẹ̀ ní 1989. Ọdún 1989 kan náà tí Emeagwali gba ẹ̀bùn! Èmi rò pé bóyá ibẹ̀ lẹlòmíì ti ń po gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ayọ̀, bí màmá ẹ bá ń ka èyí sí ẹ létí: dárí jì mí. Mò ń mú súyà bọ̀.

Ọmọ Òkè-Igbó

Kí lẹ tún ń wá? Ẹ mú Fágúnwà! Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí, ní 1903, tíṣà ni, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1938, ọmọdé tó bá gbọ́ nípa àwọn iwin inú igbó yẹn ò ní sùn. Ìmúra rẹ̀ ò le, agbádá àti fìlà ti parí ẹ̀. Odò ló gbé e lọ ní 1963, wọn ò sì gbàgbé ẹ̀ dòní.

Màmá Ayọ̀

Mo ti dá a lábàá Fágúnwà. Ó ní ọmọ mẹ́ta ló ti mú un ní kíláàsì. Ẹni tó mú Ajásin náà ti wà, agbádá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gé fún un.

Bàbá Yàbá (Oǹdó)

Gani Fawehinmi ńkọ́? Ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé, 1938 ni wọ́n bí i. Mo ra ìwé kan nípa rẹ̀ fún ọmọ mi lọ́dún tó kọjá. Ojú ìwé mẹ́rin ṣáá ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí wọ́n tì í mọ́lé, wọn ò sọ ohun tó ṣe. Ọmọ ka títí, ó gbójú sókè, ó ní: "Dádì, ṣé olè ni?" Ẹ̀rín pa mí, ó sì tún dùn mí. Mo ní láti jókòó ṣàlàyé pé lọ́yà tó ń bá ìjọba ológun ṣẹjọ́ nítorí àwọn tí kò lówó lọ́yà, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń san án fún un. Mo tún sọ bó ṣe kọ oyè tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi dá a lọ́lá ní 2008, ọdún kan kó tó kú. Ọmọ ní, "Ó kọ̀ ọ́ bí?" Ibẹ̀ ló ti jí.

Ìyá Ìbejì (Ìjàpọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Ayọ̀, nínú ogún ènìyàn tó wà lẹ́yìn ìwé yẹn, obìnrin mélòó?

Màmá Ayọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ kà á. Méjì. Mọremí ni ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì (Ìjàpọ̀)

Mo mọ̀! Ìbejì mi, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ti bi mí pé ṣé ọkùnrin nìkan ló ń di ẹni ńlá ni. Mo bá ń sọ ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fún wọn: bó ṣe wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914, bó ṣe kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ lórí owó orí títí Aláké fi kúrò láàfin ní 1949. Ibi tó le ni ìparí rẹ̀. Ní 1977 àwọn ṣójà jù ú láti ojú fèrèsé òkè, ó kú lọ́dún kejì. Ọmọ ọdún méje ni tèmi. Mo fò ó. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Táíwò ní, "Mọ́mì, kí ló pa á?" Mi ò lè purọ́. Mo sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, mo dì í mú, ó sunkún díẹ̀, ó lọ ṣeré. Èmi ni mi ò sùn.

Dókítà Adádévoh náà wà, tí ó kọ̀ pé aláàrùn Ebola ò ní jáde ní ọsibítù wọn l'Ékòó ní 2014. Àìsàn yẹn náà ló pa á. Ẹ sì gbọ́: Herbert Macaulay ni baba ńlá rẹ̀, Macaulay sì jẹ́ ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àwọn ọmọ mi ya igi ìdílé yẹn sára ògiri pálọ̀. Pẹ̀lú bírò.

Tíṣà Àgbà (Oǹdó)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣe é. Crowther tí ẹ dárúkọ yẹn ni mo fi máa dáhùn ìbéèrè kejì Màmá Ayọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra ìwé ìtàn ẹni ńlá fọ́mọ, ẹ má wo ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ṣí i láàárín. Tí ẹ bá rí òwúrọ̀ kan níbẹ̀, tàbí oúnjẹ kan, tàbí ibi tí ẹ̀rù ti ba ẹni náà, ẹ rà á. Tí ó bá jẹ́ oyè àti ọdún nìkan, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oúnjẹ àárọ̀ làwọn ń pèsè nílé ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tí ariwo ta pé ogun dé. Wọ́n kó o pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹni tó gba ẹṣin náà ní kò wu òun mọ́, ó dá ẹṣin padà, ó ní kí wọ́n dá ọmọ òun padà. Ẹ ka ibẹ̀ yẹn fọ́mọ, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, ó di Freetown. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Oyè bíṣọ́ọ̀bù ti 1864, ẹ lè fi ìyẹn ṣe gbólóhùn kan.

Màmá Ayọ̀ (lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun)

Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ àná, mo bá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sọ ti Crowther yẹn fún Ayọ̀. Nígbà tí mo dé ibi ẹṣin, ó dìde jókòó. Ó ní, "Ẹṣin yẹn ló dára jù ú ni?" Nígbà tí mo dé ibi ìyá rẹ̀, ó bi mí ṣé ìyá náà dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Emeagwali, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí wọ́n ń fi LO ránṣẹ́?" A kà á lórí ìka: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní, "Ogun ṣì ń jà nígbà yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá bọ́ sílẹ̀ lọ wá ìwé rẹ̀ lórí fìríìjì nínú òkùnkùn, ó fẹsẹ̀ kọ garawa.

Ẹ̀rù kan ló kù: bí tíṣà bá gba ohun tó wà nínú ìwé gbọ́ ńkọ́, tó fà á láàmì?

Tíṣà Àgbà (Oǹdó)

Ẹ má jẹ́ kó di níwájú kíláàsì. Ẹ yà kí tíṣà lọ́jọ́bọ lẹ́yìn tí iléèwé bá jáde, ẹ fi ohun tí ọmọ kọ hàn án, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ẹ bá wa wò ó bóyá ó péye." Bí ẹ bá gbé e gba ọ̀nà yẹn, òun náà ló máa bá yín wá a.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bà-Ilé

Tíṣà Àgbà, mo ti gbọ́ o. Ti ọ̀wẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo ṣì sọ pé ọmọdé nílò akọni.

Màmá Ayọ̀ (lọ́jọ́bọ)

Tíṣà gbà á, ó tún ní kí n fi ti ọ̀wẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Ẹ gbọ́ bí Ayọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: "Orúkọ mi ni Philip. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà L àti O rìn láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 15 ni mí, ogun ń jà nílé wa, n kò sì tíì fojú rí kọ̀ǹpútà rí." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, òun ló fi í sí i fúnra rẹ̀. Mo bi í ta ló sọ fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló máa ní kọ̀ǹpútà nínú ogun?" Mo ní kó fi "bóyá" sí i. Ó fi í sí i, ṣùgbọ́n ó fajú ro.

Kóòtù ti wà, ti ọkọ mi ni, a ti ká ọwọ́ rẹ̀ sókè. Irùngbọ̀n, tìróò ni mo máa fi yà á. Ìgò ojú ló kù. Ta ló ní férémù tí kò ní gíláàsì nínú, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí Alágbàká?

Ìyá Ìbejì (Ìjàpọ̀)

Ti bàbá mi àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi, apá rẹ̀ kan ti yẹ̀, mo fi okùn dì í. Ẹ rán Àbúrò Tó Dá Wàhálà Sílẹ̀ wá gbà á. Kó mú súyà dání.